Agbowó-orí Ti Wọ Inú Fóònù

Bí o bá fi 10,000 náírà ránṣẹ́ láti báńkì rẹ sí báńkì ẹni tó ta ata fún ọ, tí báńkì náà sì yọ iye tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fọwọ́ sí, náírà 76 àti kọ́bọ̀ 88 ni yóò bá owó náà lọ. Náírà 25 jẹ́ ti báńkì. Náírà kan àti kọ́bọ̀ 88 jẹ́ VAT lórí náírà 25 yẹn. Náírà 50 tó kù jẹ́ ti ìjọba, owó òǹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní stamp duty, tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá ti tó 10,000 sókè. Akódà kankan kò kanlẹ̀kùn. Ìwé ìpè kò wá. Kí o tó ti fóònù bọ àpò padà, owó orí ti lọ.

Náírà 76 kì í ṣe owó tí àgbàlagbà ń torí rẹ̀ pariwo lójú ọjà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbà á ló jẹ mí lógún. Náírà 50 yẹn kì í bi ọ́ bóyá o jèrè tàbí o pàdánù. Ẹni tó ń san gbèsè, ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní abúlé, alágbàtà tó ń ra ọjà tí yóò tà ní èrè, iye kan náà ni gbogbo wọn ń san. Ẹni tó fi mílíọ̀nù kan ránṣẹ́ náà, 50 ni. Ìyẹn ni pé ẹni tó rán 10,000 ń san ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó rán mílíọ̀nù kan ń san ìdá 0.005. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà bíi tiwa, ni pé ẹ̀rọ ti jẹ́ kó rọrùn fún ìjọba láti gba owó níbi tí owó ti ń kọjá, kò sì tíì jẹ́ kó rọrùn láti gbà á níbi tí èrè gúnlẹ̀ sí. Èyí tó rọrùn ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú.

Ọ̀rọ̀ owó orí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn sí i. Lọ́dún 1918, àwọn Ẹ̀gbá ja Ogun Àdùbí. Owó orí tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé wà lára ohun tó dá a sílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ẹ̀sùn wọn sì kọjá owó nìkan: wọ́n ní àwọn agbowó-orí ń bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí ń sanwó. Ìjà náà kò rọlẹ̀ títí Aláké Adémọ́lá fi fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Nígbà tó di 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà, tí Tafa Adéoyè jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú olórí wọn, fi àdá àti ìbọn ìbílẹ̀ kọjú sí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀. Nínú gbogbo ìjà wọ̀nyí, agbowó-orí ní ojú, ó ní orúkọ, ó ní ọjọ́ tó ń wọ abúlé. Ènìyàn lè bá a jiyàn, ó lè bẹ̀ ẹ́, ó lè sá wọ igbó títí yóò fi kọjá. Ta ni ẹ óò bá jiyàn nínú fóònù?

Kì í kúkú ṣe nítorí owó orí ni fóònù fi wọ ọjà. Ìrọ̀rùn ló kọ́kọ́ gbé e wá, ìnira ló wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 2010 ni CBN gbé ìlànà jáde pé kí nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báńkì di oní-nọ́ńbà 10. Ní 2011, NIBSS, ilé-iṣẹ́ tí àwọn báńkì jọ dá sílẹ̀ láti máa bá wọn gbé owó láti ibì kan sí ibòmíràn, bẹ̀rẹ̀ ètò tí owó fi ń dé ojú ẹsẹ̀. Ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó bébà kù, Èkó ni wọ́n fi dánwò. Ní oṣù kejì 2014 ni BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, dé, ìka ọwọ́ àti ojú ẹnìkọ̀ọ̀kan sì wọ inú ìwé báńkì. Ẹni tó ju mílíọ̀nù 60 lọ ló ti forúkọ sílẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, ọjà ò gbọ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ò rí ìdí tí òun fi ní láti máa wo fóònù kó tó mọ̀ pé wọ́n ti sanwó fún òun.

Ọ̀wọ́n owó ló yí i lọ́kàn padà. Ní òpin oṣù kẹwàá 2022, Godwin Emefiele, gómìnà CBN nígbà náà, kéde pé òun fẹ́ pààrọ̀ bébà 200, 500 àti 1,000. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ní owó àtijọ́ kò ní wúlò mọ́. Wọ́n sún un di ọjọ́ 10 oṣù kejì. Tuntun ò tó, wọ́n ti gba àtijọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn tó gbé ní Nàìjíríà lásìkò yẹn kò nílò kí n tún un sọ fún wọn: ìlà gígùn níwájú ATM látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ènìyàn ń fi náírà ra náírà, oní-POS ń gba 2,000 sí 3,000 lórí 10,000. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá sí i lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta, wọ́n ní kí àtijọ́ àti tuntun jọ máa ná. Kó tó dìgbà náà, alàgbo, alákàrà, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí, wọ́n sì ti gbé e kọ́. Ohun tí CBN fi ọdún mọ́kànlá bẹ ọjà fún, ìyà oṣù díẹ̀ ló ṣe é.

Láti ìgbà náà, odò ti kún àkúnya. Owó tó gba ọ̀dọ̀ NIBSS kọjá lójú ẹsẹ̀ ní 2023 tó tírílíọ̀nù 600 náírà. Ní 2024 ó wọ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 1,070. Ẹ má jẹ́ kí àwọn àgbà báńkì fi iye yìí yangàn jù fún wa o. Náírà tó jábọ́ lójú dọ́là wà nínú rẹ̀, àpò ìrẹsì tí owó rẹ̀ di ìlọ́po wà nínú rẹ̀, owó kan náà tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n pé ọjà ti wọ inú fóònù, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, kó fi báńkì sílẹ̀, kó lọ jókòó ti oní-POS. Agboòrùn kan, tábìlì kan, àga ike, ẹ̀rọ kékeré tó gba SIM, àti owó ìdókòwò. Oníbàárà ti káàdì bọ̀ ọ́ tàbí kó fi owó ránṣẹ́, oní-POS ka bébà fún un. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, 100 náírà ni lórí 5,000, 200 lórí 10,000. Ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, bóyá Moniepoint, OPay tàbí PalmPay, á yọ tiwọn, èyí tó kù ni oúnjẹ oní-POS, owó agboòrùn àti owó dátà. Wàhálà rẹ̀ tó tóbi jù ni ibi tí yóò ti rí bébà. Báńkì kì í fún un tó. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á lọ bá àwọn tí bébà kún ọwọ́ wọn: ilé epo, alápatà, ìyá oníbúrẹ́dì. Á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn, wọn á kó bébà fún un, òmíràn nínú wọn á sì gba èrè lé e. Báyìí ni owó bébà ṣe ń yí po láàárín ọjà àti tábìlì láìfojúkan báńkì rárá. CBN ti wá ní kí ẹnì kan má gbà ju 100,000 lọ lóòjọ́ lọ́wọ́ oní-POS, kí oní-POS náà má sì san ju mílíọ̀nù 1.2 lọ, àjọ CAC sì ti ní kí wọ́n lọ forúkọ okòwò wọn sílẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni tálákà ń san kó tó lè fojú kan owó ara rẹ̀. Ó ju owó òǹtẹ̀ ìjọba lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń gbé nítòsí ATM tó ń sanwó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù kẹta 2025, ẹni tó bá lo ATM báńkì mìíràn á san 100 lórí 20,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà ní abúlé tí kò sí báńkì ní máìlì ogún kò ní ibi tó lè yà sí.

Síbẹ̀, irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé ìnira nìkan ni ẹ̀rọ gbé wá. Ẹ rántí alájọ. Owó ọjọ́ kan ló ń mú nínú oṣù, ìyẹn ìdá 3 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, a sì ń san án tọ̀yàyàtọ̀yàyà nítorí pé ó ń wá bá wa nídìí igbá, ó mọ orúkọ ọmọ wa, àyàfi tó bá ṣẹlẹ̀ pé ó kó owó sá lọ. Ní ìparí 2015, obìnrin kan gbé àwòrán àpótí onígi sórí Twitter, ó ní 1,000 náírà lójúmọ́ ni òun fi sínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ bíi Ọdúnayọ̀ Ewéníyì rí i, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ ní 2016, èyí tí a mọ̀ sí PiggyVest lónìí. Ṣọlá Akínládé àti Ezra Olúbí bẹ̀rẹ̀ Paystack láàárín ìgbà kan náà, kí ẹni tó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba owó láìjẹ́ pé ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù kẹwàá 2020, Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní iye tó ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ. Aránṣọ ní Òṣogbo ń gba owó oníbàárà rẹ̀ tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí báńkì kì í wo ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí pé kò ní ilé tí yóò fi dúró ti lè rí ẹ̀yáwó gbà nítorí pé ìwé àkáǹtì rẹ̀ fi hàn pé ó ń tajà lójoojúmọ́.

Ẹ̀yáwó náà ní tirẹ̀ o. Àwọn áàpù ayánilówó kan sọ ara wọn di adójútini: wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ènìyàn, bí ọjọ́ bá sì ti kọjá, wọ́n á ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní láti dìde sí wọn ní 2022. Wàhálà nẹ́tíwọ̀kì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan já nísàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan, áàpù báńkì sì dákú láti Accra dé Èkó. Ẹni tó ní owó nínú àkáǹtì tí kò sì ní bébà lápò lọ́jọ́ yẹn, ebi ló pa á.

Bí owó ti wọ inú fóònù ni ojú ìjọba náà wọ ibẹ̀. Òfin ìsúná 2020 ló sọ náírà 50 di owó orí lórí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n sì pè é ní EMTL. Àwọn báńkì àtijọ́ ló kọ́kọ́ ń yọ ọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 2024, ó kan OPay, Moniepoint àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ìyẹn ibi tí àwọn mẹ̀kúnnù sá lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, CBN ti gbé òmíràn jáde: ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, láti fi gbógun ti ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ariwo tó bẹ́ sílẹ̀ pọ̀ débi pé kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi dá a dúró. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, EMTL ti padà jẹ́ stamp duty, ẹni tó ń rán owó ló sì ń san án báyìí, kì í ṣe ẹni tó ń gbà á mọ́.

Ohun kan ò yí padà nínú gbogbo rẹ̀: 10,000 ṣì ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi iye yẹn sínú òfin ní 2020, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà. Ní 2025, ó ti kọjá 1,400. Owó tó jẹ́ owó ọjà gidi nígbà náà ti di owó ọbẹ̀ ọjọ́ méjì. Ọjà sì ti mọ ọgbọ́n rẹ̀: ẹni tó fẹ́ rán 19,000 á rán 9,500 lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn míì kàn ń sọ fún oníbàárà pé kó wá bébà wá. Owó orí tó ń kọ́ ènìyàn ní ọgbọ́n báyìí, kò pẹ́ kó tó máa lé wọn padà sínú àpótí onígi.

Ghana ti fi ojú rí i ṣáájú wa. Ní òpin 2021, Ken Ofori-Atta, mínísítà ètò ìsúná nígbà náà, gbé E-Levy síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Accra, àwọn aṣòfin sì fi ẹ̀ṣẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2022: ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù tó bá ti kọjá 100 sẹ́dì lóòjọ́. Ohun tó lé ní bílíọ̀nù 6 sẹ́dì ni wọ́n ní yóò wọlé lọ́dún àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gé e wálẹ̀ sí iye tí kò tó bílíọ̀nù kan, nítorí pé àwọn ènìyàn fi MoMo, ìyẹn ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù, sílẹ̀, wọ́n ń di owó sínú aṣọ. Wọ́n sọ ọ́ di ìdá 1 ní 2023, ìjọba John Mahama sì pa á rẹ́ pátápátá ní 2025. Uganda ti ṣe irú rẹ̀ ní oṣù keje 2018, ìdá 1 lórí owó tó wọlé, owó tó jáde àti owó tó kọjá. Bobi Wine, olórin tó di aṣòfin, kó àwọn ènìyàn jáde sí ìgboro Kampala, kí ọdún náà sì tó parí, wọ́n ti dín in kù sí ìdá 0.5 lórí owó tí wọ́n bá gbà jáde nìkan. Ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún kan náà, ìjọba ní kí ẹni tó bá lo WhatsApp tàbí Facebook san sẹ́fà 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n fi yọwọ́ rẹ̀.

Ti Kenya yàtọ̀ díẹ̀, mo sì gbà pé ó sàn jù. Níbẹ̀ ni M-Pesa, ètò ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù ti ilé-iṣẹ́ Safaricom, ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2007, ṣáájú gbogbo wa. Owó orí tí wọ́n fi lé e, orí owó iṣẹ́ tí Safaricom ń gbà ló wà, kò sí lórí owó tí ìyá àgbà ń rán sí ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba William Ruto fẹ́ gbé e láti ìdá 15 sí 20 pẹ̀lú àwọn owó orí mìíràn ní 2024, àwọn ọ̀dọ́ ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Nairobi lọ́jọ́ 25 oṣù kẹfà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lọ́jọ́ kejì, Ruto ní òun ò ní buwọ́ lu àbádòfin náà mọ́.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti Brazil, nítorí pé kò tilẹ̀ sí owó orí níbẹ̀ tí ìjà fi bẹ́. Báńkì àpapọ̀ wọn gbé Pix jáde ní oṣù kọkànlá 2020. Owó ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀fẹ́ ni fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìlú ló gbà á, títí kan àwọn ìyá aláṣọ funfun tó ń ta acarajé ní ìgboro Salvador, tí àkàrà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Nígbà tí 2025 wọlé, ìlànà kan tí àwọn agbowó-orí gbé jáde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí fóònù náà máa fi ìròyìn ránṣẹ́ nípa ẹni tí owó tó ń gba àkáǹtì rẹ̀ bá ti ju 5,000 réàlì lọ lóṣù. Ìròyìn nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n mú wá. Àwọn aláhesọ ní wọ́n fẹ́ gba owó orí lórí Pix. Fídíò ń fò, àwọn oníṣòwò ń kọ Pix. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ìjọba Lula fa ìlànà náà ya. Àwọn tí wọ́n sá fún un kò gba ìjọba gbọ́, wọ́n sì ti gbé ìdájọ́ kalẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Irú ẹ̀rù yìí gan-an ló wọ Nàìjíríà ní ìparí 2025. Ààrẹ Tinúbú ti buwọ́ lu àwọn òfin owó orí mẹ́rin ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, èyí tó ṣètò owó orí gan-an nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Lórí WhatsApp, wọ́n ní ìjọba yóò máa yọ owó tààrà nínú àkáǹtì ènìyàn. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ń rán owó kọ “ẹ̀bùn” tàbí “owó oúnjẹ” sí i kí wọ́n má baà kà á sí èrè. Táíwò Oyèdélé, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó gbé òfin náà kalẹ̀, ń lọ láti rédíò dé tẹlifíṣọ̀n láti sọ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Òfin náà ní ẹni tí èrè rẹ̀ lọ́dún kò bá ju 800,000 lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀ rárá. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọjà tó ń tà kò bá ju mílíọ̀nù 100 lọ lọ́dún kò ní san owó orí ilé-iṣẹ́. Oúnjẹ kòṣeémánìí kò ní VAT lórí. NIN rẹ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ló ti di nọ́ńbà owó orí rẹ. Lórí ìwé, òfin náà fojú àánú wo tálákà ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Kí ló wá ń bà wá lẹ́rù? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ta ìrẹsì ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Mílíọ̀nù 5 lè wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣù, kí mílíọ̀nù 4 àti 850,000 jáde sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún un, kí ọkọ̀ àti alábàárù mú nínú ìyókù, kó sì ku 60,000 sí i lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà rí mílíọ̀nù 5. Kò rí 60,000. Oní-POS tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń rí mílíọ̀nù lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lóòjọ́, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Akápò ẹgbẹ́, alájọ, màmá ìyàwó tí wọ́n ń kó owó aṣọ ẹbí sí lọ́wọ́, gbogbo wọn jẹ́ olówó lójú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ gidi tó kù fún àwọn agbowó-orí ni láti ya owó tó ń kọjá kúrò lára owó tó ń dúró, iṣẹ́ ìṣirò àti sùúrù sì ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ńlá: láti 2025 ni wọ́n ti ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń tà tó bílíọ̀nù 5 náírà lọ́dún máa kọ ìwé ọjà wọn sórí ẹ̀rọ tí ìjọba ń rí. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n pẹ́ sí. Kò sí ohun tí wọ́n ń wá lọ́dọ̀ ìyá onírẹsì tí wọn kò ní rí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ àwọn yẹn.

Bí ojú ẹ̀rọ bá sì lè rí wa láti gba owó, ó yẹ kó lè rí wa láti fún wa. Togo ṣe é. Nígbà tí kòrónà ti ìlú Lomé pa ní oṣù kẹrin 2020, ìjọba gbé ètò Novissi kalẹ̀. Ọlọ́kadà, aránṣọ, aláta, àwọn onírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ní káàdì ìdìbò á tẹ kóòdù lórí fóònù tó kéré jù lọ, owó á sì wọlé láìrí ọ̀gá kankan, láìtò sórí ìlà: sẹ́fà 10,500 lóṣù fún ọkùnrin, 12,250 fún obìnrin, nítorí pé obìnrin ló ń dáná ilé. Orílẹ̀-èdè kékeré ni Togo, kò sì lówó tó wa. Àwa tí a ní BVN, tí a ní NIN, tí owó fi ń dé ojú ẹsẹ̀ láti 2011, kò sí ohun tí Togo fi ṣe é tí a ò ní.

Ohun tí mo ń bẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Àbújá fún kò pọ̀. Kí wọ́n gbé 10,000 yẹn sókè dé ibi tí kò fi ní máa kan owó ọbẹ̀, kí wọ́n sì fi sínú òfin pé yóò máa bá ọ̀wọ́n ọjà gòkè lọ́dọọdún. Kí àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ rán àwọn tó gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò wọ ọjà láti ṣàlàyé ohun tí èrè jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe èrè, kí ìwé ìpè tó dé. Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ ya àkáǹtì ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára àkáǹtì ilé, ẹ má gba owó ẹgbẹ́ sínú àkáǹtì yín, kí ẹ sì máa kọ iye tí ẹ ra ọjà àti iye tí ẹ tà á, bó ṣe inú ìwé ọmọ iléèwé ni. Ìwé yẹn ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá ní olówó ni yín.

Ẹ sì tún mọ èyí. Nígbà tí náírà 50 ṣì ń jẹ́ EMTL, ìdá 15 péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ń mú. Ìdá 50 ń lọ sí ìpínlẹ̀, ìdá 35 sí ìjọba ìbílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá ń rojọ́ owó orí, Àbújá ni a ń kọjú sí. Alága ìjọba ìbílẹ̀ yín kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bi í léèrè ohun tó fi tirẹ̀ ṣe.